Orí Wáyà Mẹ́sàn-án

Alùpùpù bàbá mi fi ọdún méjì jù mí lọ, bàbá mi kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo ní ó rẹ̀ mí, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà lẹ́yìnkùlé kò ráhùn rí." Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀hún wà lẹ́yìnkùlé lóòótọ́, lábẹ́ páànù, tapólì bò ó mọ́lẹ̀, adìyẹ ará ilé kejì sì ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti dún gbẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìdí-Àràbà. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, èmi àti bàbá mi nìkan là ń gbé ilé wa ní Sùúrùlérè. Bọ̀ọ̀dá mi, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n jẹ́ èèyàn, ń gbé ní Ìbàdàn. Nítorí náà, èmi ni mò ń gbé aláìsàn láàárọ̀, tí mo tún ń délé wá gbé bàbá mi nírọ̀lẹ́: kí n wẹ̀ wọ́n, kí n fún wọn lóògùn, kí n bá wọn wá ìgò ojú tó wà lórí wọn. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè yìn mí. Inú máa ń bí mi gan-an. Mo máa ń dojú kọ ìkòkò ọbẹ̀ kí n tó pòṣé, kí wọ́n má baà gbọ́. Ẹni tó kàn ló mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù kan. Bàbá mi ṣubú ní bálùwẹ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ ni mo sì bá wọn nígbà tí mo dé. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n gbàgbé, ìkòkò jó títí ará ilé kejì fi gbóòórùn rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi gbọ́, wọ́n sì wakọ̀ wá. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ní, "Dádì, ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ Ìbàdàn. Mo ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó mi wà nílé látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ ti ń gbàgbé nǹkan jù."

Bàbá mi ò fẹ́ lọ. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n bí wọn sí, rélùwéè ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ síginà, ìyẹn wáyà àti iná tó ń darí ọkọ̀ ojú irin, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń sùn nínú yàrá kan náà ní Sùúrùlérè. Wọ́n wo Bọ̀ọ̀dá mi láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé orí mi ò pé mọ́?"

Bọ̀ọ̀dá mi wolẹ̀.

"Kò burú," bàbá mi ní. "Alùpùpù mi ń bẹ níta. Fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí mẹkáníìkì tó máa fọwọ́ kàn án. Bó bá dún níṣojú rẹ, orí mi pé, mo dúró sílé mi. Bí kò bá dún, mo bá ẹ lọ, o ò sì ní gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi."

Bọ̀ọ̀dá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni tó ń ta ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ bàbá mi ń gbọ̀n débi pé wọn ò lè gbé ṣíbí dẹ́nu kí ọbẹ̀ má dà. Ọwọ́ mi ni wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ṣàdéhùn lé lórí.

A ra bátìrì tuntun, a da epo sí táǹkì, mo ta á títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí, kò fọhùn. Bàbá mi ní kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. "Ẹnu àwọn wáyà ló dí." Wọ́n ní kí n yọ ìjókòó, kí n gbé táǹkì kúrò. Àpótí róbà kékeré kan, ìyẹn kọnẹ́kítọ̀ tó so wáyà iwájú mọ́ ti ẹ́ńjìnnì, wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Wáyà mẹ́sàn-án gba ẹ̀yìn wọ inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orí idẹ pẹlẹbẹ kan, ahọ́n tín-ín-rín kan sì yọ lára orí kọ̀ọ̀kan. Ahọ́n yìí ló ń kọ́ inú ihò kí wáyà má baà yọ jáde. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo gbogbo wọn.

Bàbá mi ka ihò náà fún mi láti òsì sí ọ̀tún, wọ́n sì tẹnu mọ́ ìkẹfà. "Ìkẹfà ló ń gbé iná lọ síbi púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Bí mẹ́jọ yòókù bá sùn, o ṣì lè rí ọgbọ́n dá sí i. Bí ìkẹfà bá sùn, kò sẹ́ni tó lè jí i."

Irin agboòrùn àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ti ha lórí sìmẹ́ńtì títí ẹnu rẹ̀ fi pẹlẹbẹ. Òun la fi ń yọ orí wáyà. Bàbá mi á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa darí mi. "Kọ́kọ́ ti wáyà náà síwájú díẹ̀, kí ahọ́n rẹ̀ lè dẹ̀. Ki irin bọ ihò láti iwájú. Tẹ ahọ́n yẹn mọ́lẹ̀. Fà á wàyí. Mo ní kó o fà á, mi ò ní kó o bá a jà." Bó bá jáde, màá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí idẹ á fi máa dán, màá fi omi ṣàn án, màá nù ún gbẹ, màá fi fasilíìnì díẹ̀ pa á lára. Lẹ́yìn náà, màá fi orí abẹ gbé ahọ́n náà sókè díẹ̀, torí ahọ́n tó bá ti sùn kò ní kọ́ ihò mọ́. Màá tì í padà títí á fi dún "kọ̀". Bàbá mi á ní, "Fà á wò." Màá fà á. Bí kò bá bá mi bọ̀, ó ti jókòó nìyẹn.

Òfin wọn ni pé ẹyọ kan là ń yọ. Yọ ọ́, fọ̀ ọ́, dá a padà, kí o tó fọwọ́ kan òmíràn. Ìdí ni pé dúdú ni gbogbo wáyà náà, kò sí pupa, kò sí funfun. Wáyà rélùwéè ni bàbá mi fi tún un ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré, dúdú nìkan ló sì wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa rí: bàbá mi mọ̀ ọ́n, ọwọ́ wọn ò dúró, ọwọ́ mi dúró, mi ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọmọdé wo ni mo wá jẹ́, èmi tí eékún mi ń dún bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì nígbàkigbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀? Lọ́jọ́ kìíní, orí wáyà kan la ṣe. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi orúkọ ìyá mi pè mí nígbà mẹ́ta, ṣùgbọ́n wọn ò ṣi ihò kankan pè.

Ará ilé kejì, obìnrin tó ni adìyẹ, rí ìyà tó ń jẹ mí. Àánú mi ṣe é, ó sì mú rìwáyà kan wá láti Mushin, ọkùnrin tí wáyà ọkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó pàtẹ́wọ́.

"Mọ́mì, wàhálà kí lèyí? Ẹ jẹ́ ká gé kọnẹ́kítọ̀ yìí dànù, ká lọ́ wáyà mọ́ wáyà, ká wé téépù mọ́ ọn. Dáírẹ́ẹ̀tì! Fáìfù míníìtì, ó ti dún."

Bàbá mi bi í pé, "Bí inú bá ń run ìyá rẹ, ṣé wàá gé ikùn wọn dànù?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà ṣe é nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ohun tó o bá ti gé, o ti gé e nìyẹn. Ohun tó bá ní ahọ́n, wàá yọ ọ́ lónìí, wàá dá a padà lọ́la, kò ní mọ̀ pé òun jáde rí."

Rìwáyà rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Inú mi dùn sí èsì bàbá mi, àmọ́ kí n má parọ́, ọkàn mi bá ọkùnrin yẹn jáde ní géètì.

Iṣẹ́ òru àti iṣẹ́ ọ̀sán jẹ ọjọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀ tó ṣáájú Sọ́ńdè àdéhùn, mẹ́rin péré la ti ṣe, láti ihò kìíní dé ìkẹrin. Mo délé láàárọ̀ ọjọ́ náà láti ẹnu iṣẹ́, ojú mi ń ta mí bí ẹni tí wọ́n fọ́n ata sí lójú. Bàbá mi ń sùn lórí àga. Mo wo márùn-ún tó kù, mo ní ẹyọ kan ẹyọ kan yìí ò lè tán láéláé. Mo mú irin agboòrùn, mo yọ márààrún lẹ́ẹ̀kan náà, mo gbé abọ́ omi ọsàn sábẹ́ wọn, mo sì ki gbogbo wọn bọ̀ ọ́. Ìdọ̀tí dúdú kan gan mọ́ ọrùn wáyà kọ̀ọ̀kan, òun àti gíríìsì ti di ọ̀kan. Mo fi abẹ ha á kúrò, bí mo ti ṣe ha ti mẹ́rin àkọ́kọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo nù ún, ó mọ́ tónítóní. Mo wá gbé ojú sókè. Wáyà dúdú márùn-ún, ihò márùn-ún. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé n ò mọ èyí tó ni ihò wo mọ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Bàbá mi jí, wọ́n fọwọ́ ra ògiri wá síta. Wọ́n fọwọ́ kan ọrùn wáyà kan, wọ́n kan òmíràn.

"Òwú tí mo so mọ́ wọn dà?"

"Òwú wo, Bàbá?"

"Mo ta kókó sí i. Kókó kan, ihò kìíní. Kókó méjì, ihò kejì. Mo so gbogbo wọn."

Ìdọ̀tí tí mo ha dànù nìyẹn.

Ó yẹ kí n bẹ̀bẹ̀. N ò bẹ̀bẹ̀. Mo la ẹnu, ohun tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ló jáde. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Kí ló dé tí ẹ ò kúkú bá Bọ̀ọ̀dá mi lọ? Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá! Mi ò rántí ìgbà tí mo sùn gbẹ̀yìn tí n ò fi etí kan sílẹ̀ fún yín. Nígbà míì, mo máa ń gbàdúrà kí alùpùpù yìí má dún!"

Mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Ojú tì mí, ó dùn mí, bẹ́ẹ̀ náà ni àyà mi sì fúyẹ́ díẹ̀, n kò sì fẹ́ kó fúyẹ́. Bàbá mi ò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Lọ gbé tọ́ọ̀ṣì wá."

Wọ́n ní ẹni tó bá sàmì sí wáyà ní orí kan ṣoṣo, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Orí méjèèjì là ń sàmì sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwọn ní síginà. Wọ́n ní kí n tú iná iwájú. Inú ibẹ̀ ni orí kejì gbogbo wáyà náà wà, òwú bàbá mi sì wà lọ́rùn wọn pẹ̀lú kókó wọn. Wọ́n wá yọ gílóòbù àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n fi wáyà gígùn kan so wọ́n pọ̀. Èmi dúró nídìí iná iwájú, mo fi wáyà gígùn náà kan èyí tó ní kókó márùn-ún. Bàbá mi jókòó sídìí àpótí róbà, wọ́n ń fi gílóòbù kan àwọn orí wáyà tí mo yọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gílóòbù bá tàn sí, òun ni.

"Ó tàn?" màá pariwo.

"Kò tàn."

"Òmíràn ńkọ́?"

"Ó tàn! Ìkarùn-ún nìyí. So ó."

Mo mú òwú funfun nínú àpótí ìránṣọ ìyá mi, mo ta kókó márùn-ún, mo so ó. A bọ́ sí ìkẹfà. Ohùn bàbá mi le, ó já gaara, ohùn ìgbà tí wọ́n ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ lórí alùpùpù yìí kan náà, tí èmi yóò sá tẹ̀ lé wọn dé ẹnu géètì. Wọn ò gbàgbé nǹkan kan. Bí gílóòbù náà ṣe ń tàn ni mò ń rò ó pé ẹni tí mo gbàdúrà kó kúrò nílé nìyí.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, orí wáyà mẹ́sàn-án ti jókòó, mo sì ti fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kò sí èyí tó bá mi bọ̀. Mo gbé táǹkì padà, mo ta á. Ní ìgbà kẹrin, ó wú ikọ́, ó rú èéfín, ó dún. Adìyẹ fò sókè. Ará ilé kejì ń pariwo "Jésù!" lórí fẹ́ǹsì. Bàbá mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé táǹkì, wọ́n sì kí i pé, "Káàárọ̀ o," bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ti ń ṣú. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú sí mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo rẹ́rìn-ín dáadáa.

"Pa á," wọ́n ní. "Ó ti tó."

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, bàbá mi ní eékún ń dun àwọn, kí n dá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé, mo bá wọn lórí àga, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo ní kí ló ṣe é. Wọ́n ní adìyẹ ló sọ àwọn jẹ. Mo fọ ojú ọgbẹ́ náà, mo fi báńdéèjì wé e, mo sì ṣépè fún adìyẹ.

Bọ̀ọ̀dá mi dé lọ́sàn-án. Wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n fẹsẹ̀ ta alùpùpù. Kò fọhùn. Èmi náà ta á, mo ta á títí òógùn fi bò mí. Kò wú ikọ́ pàápàá.

"Ó dún lánàá!" mo ní. "Bọ̀ọ̀dá mi, mo fi Ọlọ́run búra, ó dún lánàá. Ẹ bi ará ilé kejì."

"Lánàá kọ́ la dá," bàbá mi ní. "Òní la dá."

Mo fẹ́ gbé táǹkì kúrò kí n wo àpótí róbà. Bàbá mi di ọwọ́ mi mú. Mi ò mọ̀ pé agbára tó tó bẹ́ẹ̀ ṣì kù lára wọn. "Fi sílẹ̀. Mo ti ṣàdéhùn." Ojú Bọ̀ọ̀dá mi ti wálẹ̀, wọn ò yọ̀. Wọ́n ń sọ pé kí a tún dúró ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, ṣùgbọ́n bàbá mi ti ń béèrè bàtà wọn. Àpò kan péré ni wọ́n gbé. Nígbà tí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ tán, wọ́n na irin agboòrùn sí mi láti ojú fèrèsé. Mo gbà á, mo ń sunkún. Wọ́n lọ láìsọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣèlérí.

Mo sùn lọ́jọ́ yẹn láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo jí, ara mi balẹ̀, inú sì bí mi sí ara mi nítorí pé ó balẹ̀. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Mo ń sùn, mo ń jẹun gbígbóná, mo sì ń yẹra fún ẹ̀yìnkùlé.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó gbé táǹkì yẹn kúrò. Mẹ́jọ nínú orí wáyà náà wà ní àyè wọn. Ihò kẹfà ṣófo. Wáyà tó ni ín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òwú funfun tí mo ta kókó mẹ́fà sí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rá wé orí rẹ̀ dáadáa kí ìpẹtà má baà mú un. Mo tú ọ̀rá náà. Ahọ́n idẹ náà sùn pẹrẹsẹ. Ahọ́n yẹn kì í dá sùn. Àfi kí ẹnì kan ki irin bọ iwájú ihò, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó sì fà á láti ẹ̀yìn. Nínú ilé wa, ẹni méjì péré ló mọ̀ ọ́n ṣe, èmi kọ́ sì ni mo ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ wà létí àpótí róbà náà. Mo rántí àtàǹpàkò tí mo fi báńdéèjì wé, mo rántí bí ọwọ́ yẹn ṣe ń gbọ̀n, mo sì ń ṣírò bó ṣe máa pẹ́ tó kí wọ́n tó rí i yọ. Bóyá gbogbo àkókò ìsìn ni.

Mo pe Ìbàdàn. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá mi gbé fóònù fún wọn. Mo ti to ohun tí mo fẹ́ bi wọ́n sẹ́nu.

"Ta nìyẹn?" bàbá mi ní.

"Èmi ni, Bàbá."

Mo ń bẹ̀rù pé wọn ò dá mi mọ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣé ò ń rí oorun sùn?"

"Mo ń sùn, Bàbá."

"Ó dáa," wọ́n ní, wọ́n sì dá fóònù padà fún ìyàwó Bọ̀ọ̀dá mi.